Sẹ́ńsọ̀ Kékeré Tó Ń Sọ fún Kọ̀ǹpútà Ọkọ̀ Bí Ara Ẹ́ńjìnnì Ṣe Gbóná Tó

Mo mọ̀ pé ó ti pẹ́ díẹ̀ tí ẹ ti gbúròó mi níbí. Ọkọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ló gba ọjọ́ mọ́ mi lọ́wọ́, n kò sì lè bínú sí ẹnikẹ́ni, torí èmi fúnra mi ni mo fọwọ́ ara mi dá wàhálà ọ̀hún sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n rò ó bó ṣe jẹ́, torí sáyẹ́ǹsì tó wà nínú rẹ̀ kò kéré rárá.

Àgọ́-Àrẹ ni ilé wa, ní ìjọba ìbílẹ̀ Atisbo ní Òkè-Ògùn. Iṣu, ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo là ń gbìn níbẹ̀, ẹni tó bá sì fẹ́ rí owó gidi lórí iṣu á gbé e lọ sí Ìbàdàn. Píkọ́ọ̀pù Peugeot 504 ni ẹ̀gbọ́n mi fi ń ṣe iṣẹ́ yẹn. Ọkọ̀ yìí kì í ṣe àjèjì sí ẹnikẹ́ni nínú yín. Ọdún 1968 ni Peugeot kọ́kọ́ gbé 504 jáde ní ilẹ̀ Faransé, nígbà tó sì di 1975, ilé iṣẹ́ tó ń tò ó pọ̀ ní Kàdúná bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Láti ìgbà náà, kò sí abúlé tó jìn tí 504 kò dé. Kábúrétọ̀ ló ń fún ẹ́ńjìnnì ti ẹ̀gbọ́n mi lépo, kò sí kọ̀ǹpútà kankan nínú rẹ̀.

Kò sẹ́ni tó ń yọ ọ̀rọ̀ epo lẹ́nu nígbà tí epo pọ́ọ́kú. Àmọ́ ní ìparí oṣù Karùn-ún ọdún 2023, ìjọba kéde pé àwọn ti yọwọ́ kúrò nínú owó ìrànwọ́ orí epo. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, lítà epo bẹntiróò kan fò láti abẹ́ ₦200 kọjá ₦480, kò sì dúró síbẹ̀ títí dòní. Ẹ̀gbọ́n mi pè mí lọ́jọ́ kan, ó ní, “Àbúrò, ìwọ tó o máa ń kọ nípa kọ̀ǹpútà fún gbogbo ayé, o ò wá nǹkan ṣe sí ọkọ̀ yìí kó yé mu epo bí ọ̀mùtí?” Mo ní, “Ẹ fọkàn balẹ̀, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ fún mi ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.”

Bí mo ṣe yọ kábúrétọ̀ nìyẹn. Mo fi nọ́sù mẹ́rin sí i, ọ̀kọ̀ọ̀kan fún sìlíńdà kọ̀ọ̀kan, mo ra pọ́ǹpù epo tó ń lo iná, mo sì fi kọ̀ǹpútà kékeré kan tó ń jẹ́ Speeduino ṣe olórí gbogbo wọn. Àwọn mẹkáníìkì wa á pè é ní “brain box”. Orí pátákó Arduino Mega ni wọ́n kọ́ Speeduino lé, ìlànà rẹ̀ sì wà ní gbangba fún ẹni tó bá fẹ́ lò ó. MegaSquirt, tí Bruce Bowling àti Al Grippo gbé jáde ní 2001, ló la ọ̀nà fún irú nǹkan báyìí. Bí mo ṣe to nọ́sù àti pọ́ǹpù náà, ìtàn ọjọ́ mìíràn ni. Nǹkan kan ṣoṣo ni mo fẹ́ sọ lónìí, nǹkan tí kò gùn ju ìka ọwọ́ mi lọ: sẹ́ńsọ̀ tó ń wọn ooru omi ẹ́ńjìnnì. Òun ló fẹ́rẹ̀ẹ́ da èmi àti ẹ̀gbọ́n mi rú.

Ọkọ̀ náà kọ́kọ́ dára. Ìgbà kan ni wọ́n á fi kọ́kọ́rọ́ sí i, á sì dá. Inú ẹ̀gbọ́n mi dùn débi pé ó ń pe àwọn awakọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ wá wò ó. Kò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ tó fi padà wá bá mi, ojú rẹ̀ ti le. Ó ní epo tí ọkọ̀ ń mu báyìí pọ̀ ju ti kábúrétọ̀ lọ. Mo tú púlọ́ọ̀gì wò, ó dúdú bí ìdí ìkòkò. Mo fa ọ̀pá òróró ẹ́ńjìnnì yọ, mo gbọ́ òórùn epo bẹntiróò lára rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ò béèrè àlàyé. Ó ní, “Dá kábúrétọ̀ mi padà fún mi.”

Kí ẹ tó lè mọ ohun tó bàjẹ́, ẹ ní láti mọ ìdí tí kọ̀ǹpútà fi ń béèrè ooru omi rárá.

Epo bẹntiróò kì í jó nígbà tó bá ṣì jẹ́ omi. Oru rẹ̀ ló ń jó. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé tí epo bá dà sílẹ̀ lọ́sàn-án gangan, kí ẹ tó wá ìkáwọ́ rẹ̀ ó ti gbẹ, òórùn rẹ̀ nìkan ló kù, ṣùgbọ́n ní ìdájí ọyẹ́ á pẹ́ nílẹ̀. (Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lọ dán èyí wò o. Ilé ń jó.) Bẹ́ẹ̀ náà ló rí nínú ẹ́ńjìnnì. Tí ara rẹ̀ bá tutù, lára epo tí nọ́sù bá tú jáde á lẹ̀ mọ́ ògiri ihò tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, bí ìrì ṣe ń lẹ̀ mọ́ ewé. Díẹ̀ ló máa di oru tó lè jó. Ohun tí ẹ́ńjìnnì sì ń fẹ́ ni nǹkan bí ìwọ̀n afẹ́fẹ́ 14.7 sí ìwọ̀n epo kan, tí a bá gbé wọn sórí òṣùwọ̀n. Tí ìdajì epo bá lẹ̀ mọ́ ògiri, èyí tó kù kò ní tó, ẹ́ńjìnnì á máa wúkọ́, á sì kú. Ọgbọ́n tó wà níbẹ̀ ni pé kí a fún un ní epo tó pọ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ títí ara rẹ̀ á fi yá, kí a sì dín in kù díẹ̀díẹ̀.

Àwọn awakọ̀ àtijọ́ mọ èyí láìka ìwé. Òun ni wọ́n fi ń fa ṣóòkù láàárọ̀, tí wọ́n á máa tì í padà ní kọ̀ǹkẹ́ bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń gbóná. Ọwọ́ awakọ̀ ló ń ṣe é, etí rẹ̀ ló sì ń sọ fún un ìgbà tó yẹ kó tì í. Kọ̀ǹpútà ò ní etí, kò sì ní ọwọ́ tó lè fi kan ẹ́ńjìnnì. Sẹ́ńsọ̀ ooru omi nìkan ló ní. Tí sẹ́ńsọ̀ bá ní “ó tutù”, á rọ epo sí i. Tí ó bá ní “ó ti gbóná”, á dín in kù. Ohun tí sẹ́ńsọ̀ bá sọ lòdodo lójú rẹ̀.

Nínú tábìlì tí mo kọ sínú Speeduino, tí omi bá wà ní dígírì 70 sókè, kò sí àfikún epo. Tó bá wà ní 50, kó fi epo ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún kún un. Ẹ bá mi ṣírò: tí ẹ́ńjìnnì kan bá ń rò pé òun wà ní 50 láti Àgọ́-Àrẹ dé Ìbàdàn, nínú lítà 60 tó bá mu, 10 ló lọ lásán. Kì í tún ṣe owó nìkan ló ń lọ. Epo tí kò jó á máa fọ òróró kúrò lára ògiri sìlíńdà, á sì ṣàn lọ sí ìsàlẹ̀ bá òróró ẹ́ńjìnnì. Òórùn tí mo gbọ́ lára ọ̀pá òróró yẹn nìyẹn. Irin á wá máa ha irin.

Wàyí o, kí ló wà nínú sẹ́ńsọ̀ yìí? Ẹyọ nǹkan kan tí kò tó hóró ẹ̀wà ni, wọ́n fi oxide àwọn irin kan ṣe é, wọ́n ń pè é ní tẹ́mísítọ̀. Wọ́n wá fi idẹ bò ó lára. Waya bàbà lásán, bó bá ṣe ń gbóná sí i ni iná ṣe ń ṣòro fún un láti gbà kọjá. Tẹ́mísítọ̀ ń ṣe òdìkejì: bó ṣe ń gbóná ni ọ̀nà ń là fún iná. Michael Faraday ti rí irú ìwà yìí lára silver sulphide láti 1833, kò sì yé ẹnikẹ́ni ìgbà náà ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀.

Oríṣi Bosch tó wọ́pọ̀ ni mo lò, èyí tó ní ẹsẹ̀ méjì. Ní dígírì 0, ìdènà iná tó wà nínú rẹ̀ á tó nǹkan bí ọ́ọ̀mù 5,900. Ní 20, ó di 2,500. Ní 40, ó di nǹkan bí 1,200. Ní 80, kò ju nǹkan bí 320 lọ mọ́. Ṣé ẹ rí i pé kì í dínkù lọ́gbọọgba? Ó ń já wálẹ̀ fòò níbi tó tutù, ó sì ń rọra níbi tó gbóná. Ìdí nìyẹn tí ẹ kò fi lè fi ojú díwọ̀n rẹ̀. Ẹ gbọ́dọ̀ sọ fún kọ̀ǹpútà irú sẹ́ńsọ̀ tí ẹ lò gan-an.

Kọ̀ǹpútà kì í ka ọ́ọ̀mù ní tààrà. Ó ń fi iná fólítì 5 ránṣẹ́ gba inú resistor ọ́ọ̀mù 2,490 tó wà lórí pátákó rẹ̀, kó tó dé ọ̀dọ̀ sẹ́ńsọ̀. Àwọn méjèèjì á wá pín fólítì 5 náà, èyí tí ìdènà rẹ̀ pọ̀ jù á kó èyí tó pọ̀ jù. Ní dígírì 20, sẹ́ńsọ̀ àti resistor fẹ́rẹ̀ẹ́ bára dọ́gba, nítorí náà fólítì 2.5 ni kọ̀ǹpútà á rí. Ní 80, á rí nǹkan bí 0.57. Tí waya bá já, gbogbo fólítì 5 á wà níbẹ̀, kọ̀ǹpútà á rò pé òtútù tí a kò rí rí nílẹ̀ yìí ló dé, á sì rọ epo sínú ẹ́ńjìnnì títí púlọ́ọ̀gì á fi rì. Tí waya méjèèjì bá kan ara wọn, á rò pé ẹ́ńjìnnì ń jóná.

Ẹ jẹ́ kí n padà sí ẹ̀ṣẹ̀ mi. Kí n má baà gbẹ́ ihò sára ẹ́ńjìnnì, mo ra páìpù irin kékeré kan tí wọ́n ti gbẹ́ ojú sẹ́ńsọ̀ sí lára. Mo gé rọ́bà ńlá òkè, èyí tó ń gbé omi gbígbóná lọ sí rẹdíétọ̀, mo sì fi páìpù náà sáàárín. Ìṣẹ́jú ogún ni mo fi ṣe é. Ó mọ́, ó lẹ́wà, mo tiẹ̀ yà á ní fọ́tò.

Nígbà tí wàhálà dé, sẹ́ńsọ̀ ni mo kọ́kọ́ dá lẹ́bi. Mo ní bóyá ayédèrú ni wọ́n tà fún mi. Mo ra òmíràn ní ọjà ẹ̀yà ara ọkọ̀ ní Gate, Ìbàdàn, nǹkan kan náà ló ń sọ. Mo wá bá ẹ̀gbọ́n mi wọ ọkọ̀ lọ́jọ́ kan ní ìdájí, nínú ọyẹ́, iṣu kún ẹ̀yìn, mo gbé kọ̀ǹpútà alágbèéká lé orí itan. Omi kúrò ní 19, ó lọ sókè, ó lọ sókè, nígbà tó dé 50 ó dúró. 51. 53. 50. Bí a bá sáré, á já wálẹ̀. Nígbà tí a dúró ní Ìsẹ́yìn láti jẹun tí a kò pa ẹ́ńjìnnì, ó gun òkè dé 66. Bí a ṣe tún gbéra báyìí, ó já sí 52. Ẹ̀gbọ́n mi ń wò mí láti ẹ̀gbẹ́ ojú, kò sọ̀rọ̀.

Ohun tó ń bá mi lẹ́rù ni pé nọ́ńbà yẹn kò hùwà bíi ti sẹ́ńsọ̀ tó bàjẹ́. Afẹ́fẹ́ ló ń tẹ̀ lé. Mo béèrè pé, “Ẹ̀gbọ́n, ṣé tẹ́mósítáàtì wà nínú ọkọ̀ yìí?” Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Tẹ́mósítáàtì ti bíi ọdún wo? Mẹkáníìkì ti yọ ọ́ sọnù tipẹ́. Wọ́n ní ìlú òyìnbó ni wọ́n ti ń lò ó, tiwa gbóná jù.”

Ó ṣeé ṣe kí ẹ̀yin náà ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, kódà kí ẹ ti sọ ọ́ rí. Ẹ jẹ́ ká yẹ̀ ẹ́ wò. Tẹ́mósítáàtì jẹ́ ilẹ̀kùn kékeré tó wà lójú ọ̀nà tí omi ń gbà láti ẹ́ńjìnnì lọ sí rẹdíétọ̀. Nínú rẹ̀ ni ìda kan wà. Tí omi bá tutù, ìda náà le, ilẹ̀kùn tì, omi á máa yí kiri inú ẹ́ńjìnnì nìkan. Nígbà tí omi bá gbóná tó, ìda á yọ́, á wú, á sì ti ilẹ̀kùn sílẹ̀. Àwọn tó ń ṣí láàárín dígírì 82 sí 88 ló wọ́pọ̀. Ooru ìta ní ìlú wa, nígbà tí oòrùn mú jù, lè tó 35 tàbí 38. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín 38 àti 82 ṣì pọ̀ gan-an. Rẹdíétọ̀ tó dára á fi afẹ́fẹ́ 38 tu omi náà lára débi tí kò yẹ, tí ilẹ̀kùn ò bá sí. Tí tẹ́mósítáàtì bá ti gan sí títì, lóòótọ́ ni ẹ́ńjìnnì á gbóná kọjá ààlà, ibẹ̀ sì ni ìbẹ̀rù àwọn mẹkáníìkì ti wá. Ṣùgbọ́n èyí tó gan ló yẹ kí wọ́n pààrọ̀. Ọkọ̀ oníkábúrétọ̀ tiẹ̀ lè fara da àìsí rẹ̀, torí kábúrétọ̀ ò mọ̀ bóyá omi wà ní 50 tàbí 85. Kọ̀ǹpútà mọ̀, á sì máa fún ẹ́ńjìnnì lépo bíi pé àárọ̀ ni látàárọ̀ ṣúlẹ̀.

Sẹ́ńsọ̀ mi kò purọ́ o, ìyẹn ní apá yìí. Ẹ́ńjìnnì náà ò gbóná lóòótọ́.

Mo ra tẹ́mósítáàtì tuntun, mo sì kọ́kọ́ sè é nínú ìkòkò omi kí n tó fi sínú ọkọ̀, mo fi ojú ara mi rí i tó ṣí. (Ẹ máa ṣe èyí. Iná gáàsì ìṣẹ́jú mẹ́wàá kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí ẹ́ńjìnnì tó ká.) Mo tò ó padà, mo dáná sí ọkọ̀. Àṣé wàhálà kejì ló ń dúró dè mí. Ìṣẹ́jú mẹ́jọ kọjá, kọ̀ǹpútà ṣì ń sọ pé omi wà ní 33, bẹ́ẹ̀ ni orí ẹ́ńjìnnì ti gbóná débi tí ọwọ́ ò ṣeé fi kàn án. Lójijì ni nọ́ńbà fò láti 33 sí 79.

Ṣé ó ti yé yín? Inú rọ́bà tó lọ sí rẹdíétọ̀ ni mo fi sẹ́ńsọ̀ sí, lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Nígbà tí ilẹ̀kùn bá ṣì tì, omi tó wà nínú rọ́bà yẹn ò rìn, kò sì mọ ohun tó ń lọ nínú ẹ́ńjìnnì. Bíi kí ènìyàn dúró sí ojúde, kó máa sọ bí yàrá ṣe gbóná tó. Inú yàrá ló yẹ kí sẹ́ńsọ̀ wà: níbi tí omi gbígbóná ti ń kúrò ní orí ẹ́ńjìnnì, ṣáájú tẹ́mósítáàtì, tí omi sì ti ń rìn nígbà gbogbo. Tí ẹ́ńjìnnì yín bá ní ihò tí wọ́n fi nọ́ọ̀tì dí níbẹ̀, ẹ dúpẹ́. Tèmi ò ní. Mo tú ilé irin tí omi ń gbà jáde, mo gbé e lọ bá ọ̀gá kan tó ń fi ẹ̀rọ gbẹ́ irin ní Ṣakí. Sẹ́ńsọ̀ Bosch yẹn ní tírẹ́ẹ̀dì M12 × 1.5, ihò mìlímítà 10.5 la kọ́kọ́ lu kó tó gbẹ́ tírẹ́ẹ̀dì sí i. Nǹkan mẹ́ta ni mo ní kó kíyè sí: kí irin ibẹ̀ nípọn tó láti di tírẹ́ẹ̀dì mú, kí ṣóńṣó sẹ́ńsọ̀ wọ inú omi dáadáa, kó má sì kan tẹ́mósítáàtì nígbà tó bá ń ṣí. Ẹ má ṣe lu ihò yìí nígbà tí irin náà ṣì wà lára ọkọ̀ o. Fífọ́ irin tó bá wọ inú omi kò ní jáde mọ́. Wọ́ṣà bàbà ni mo fi sí ìdí rẹ̀, kì í ṣe gọ́ọ̀mù. Ẹ má sì fi agídí dì í. Idẹ ni, á ká.

Ẹnìkan bi mí léèrè pé ṣé Volkswagen ìjàpá tí kò ní omi rárá kò lè lo kọ̀ǹpútà ni. Ó lè lò ó. Láti 1975 ni èyí tí wọ́n ń kó lọ sí Amẹ́ríkà ti ń lo nọ́sù, ara irin orí sìlíńdà ni wọ́n de sẹ́ńsọ̀ rẹ̀ mọ́.

Lẹ́yìn gbogbo èyí, nọ́ńbà ṣì kéré díẹ̀ sí ohun tó yẹ. Mo tan iná iwájú ọkọ̀, ó já wálẹ̀ sí i. Mo tan fáànù, ó tún já. Omi kì í tutù torí pé ẹnìkan tan iná! Waya ilẹ̀ ni. Sẹ́ńsọ̀ náà ní waya méjì, ọ̀kan lọ sí kọ̀ǹpútà, mo sì ti so ìkejì mọ́ nọ́ọ̀tì kan lára ọkọ̀, níbi tí waya ilẹ̀ fáànù àti ti iná náà ti pàdé. Bí iná ńlá bá ń gba ibẹ̀ padà sí bátìrì, ibẹ̀ kì í jẹ́ 0 fólítì mọ́. Tó bá gbé sókè pẹ̀lú 0.3 péré, omi tó wà ní 80 á dà bíi 65 lójú kọ̀ǹpútà. Ẹ rántí pé 0.57 ni gbogbo ohun tó yẹ kó rí. Mo já waya náà, mo mú un lọ tààrà sí ẹsẹ̀ tí Speeduino yà sọ́tọ̀ fún ilẹ̀ àwọn sẹ́ńsọ̀. Àwọn réwáyà wa fẹ́ràn kí wọ́n so gbogbo ilẹ̀ mọ́ ara ọkọ̀, kò sì burú fún gílóòbù. Fún sẹ́ńsọ̀, kò dára. Ẹni tó bá sì lo oríṣi ẹlẹ́sẹ̀ kan tó ń gba ara irin ẹ́ńjìnnì wá ilẹ̀, kó má fi téèpù funfun yí tírẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ká, torí téèpù yẹn kì í jẹ́ kí iná kọjá.

Ó ku wíwọ̀n. Nínú TunerStudio, ẹ lè yan orúkọ sẹ́ńsọ̀ yín, tàbí kí ẹ kọ ìdènà rẹ̀ ní ìwọ̀n ooru mẹ́ta. Èmi kì í gba orúkọ gbọ́, torí ohun tó wà lára páálí kì í sábà bá ohun tó wà nínú rẹ̀ mu. Tí ẹ bá yan ti GM fún sẹ́ńsọ̀ Bosch, lókè níbi 80 ìyàtọ̀ wọn kò tó nǹkan, ẹ ò tiẹ̀ ní fura. Àmọ́ ní 20, kọ̀ǹpútà á rò pé nǹkan bí 27 ni, á fún ẹ́ńjìnnì ní epo tí kò tó, ọkọ̀ á sì máa ṣagídí láàárọ̀ ọyẹ́ nìkan. Irú àìsàn bẹ́ẹ̀ lè gba oṣù kan lọ́wọ́ ènìyàn. Yìnyín lílọ̀ tí a pò mọ́ omi fún mi ní 0, omi inú àmù pẹ̀lú tẹmómítà fún mi ní èyí tó wà láàárín, omi híhó fún mi ní òkè. Òkè-Ògùn ga ju Èkó lọ, nítorí náà omi wa á hó kó tó pé 100 géérégé, ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ náà ò tó ohun tí ẹ́ńjìnnì á mọ̀.

Nígbà tí ẹ bá ń da omi padà, ẹ gbé imú ọkọ̀ sókè lórí òkè díẹ̀. Àwa ò wá òkè tì. Afẹ́fẹ́ tó bá há sí òkè ẹ́ńjìnnì á yí sẹ́ńsọ̀ ká, sẹ́ńsọ̀ tó bá wà nínú afẹ́fẹ́ kì í mọ ooru omi. Èyí léwu ju gbogbo ohun tí mo ti kà sílẹ̀ lọ: tí omi bá jò tán lójú ọ̀nà, nọ́ńbà lè máa wálẹ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń jóná lọ. Mo ṣí ìdérí rẹdíétọ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì ṣì tutù, mo tan án, mo jẹ́ kó ṣiṣẹ́ títí tẹ́mósítáàtì fi ṣí tí omi sì lọ sílẹ̀, mo fi omi kún un, mo dé e. Tó bá ti gbóná tán, ẹ má tún fọwọ́ kan ìdérí yẹn. Mo ti rí ẹni tí omi rẹdíétọ̀ bó lójú.

Mo fi sẹ́ńsọ̀ àtijọ́, èyí tó ń gbé ọwọ́ gééjì inú ọkọ̀, sílẹ̀ níbi tó wà. Ẹ má ṣe fi waya gééjì kan ara sẹ́ńsọ̀ kọ̀ǹpútà rárá, iná tó ń gba ti gééjì á da wíwọ̀n rú pátápátá. Ó sì dára kí ẹni méjì máa wo omi.

Ẹ̀gbọ́n mi kì í fi ìdá nínú ọgọ́rùn-ún ṣírò. Kẹ́ẹ̀gì lítà 25 ló fi ń wọn epo. Àlọ àti àbọ̀ Ìbàdàn tó ń jẹ kẹ́ẹ̀gì méjì àti ìlàjì nínú oṣù tí inú rẹ̀ bà jẹ́ sí mi yẹn, kẹ́ẹ̀gì méjì ló ń jẹ báyìí, nígbà míràn ó tiẹ̀ máa ń ṣẹ́ kù. Púlọ́ọ̀gì ti pọ́n bí awọ iṣu. Mo béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá bóyá kí n bá a ta kábúrétọ̀, torí àwọn tó ń wá a ṣì pọ̀. Ó ní kí n fi í sílẹ̀. Ó wà nínú àpò ìrẹsì lẹ́yìn àga awakọ̀, ó fi aṣọ wé e.